Ẹyẹ Wo Ni Wọ́n Pe Ọmọ Mi?

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá fẹ́ bá ọmọ Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dá múṣémúṣé sọ̀rọ̀, wọ́n á pè mí, màá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, màá máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni yìí fún ẹni yẹn. Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀: má fi kún un, má yọ kúrò nínú rẹ̀, má sì gbé e kúrò níbẹ̀. Nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti yí gbogbo ohun tó lè jẹ́ kẹ́nì kan dá àwọn èèyàn náà mọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà, ikọ́ fée sì ń dà á láàmú. Fúláàtì tí wọ́n ń gbé, ògiri rẹ̀ ti bu. Nǹkan dúdú kan ń hù láti igun yàrá lọ dé òkè àjà. Bí ìyá rẹ̀ bá fi bílíìṣì nù ún lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà dé. Ó fi fọ́tò rẹ̀ han nọ́ọ̀sì lórí fóònù, fọ́tò bíi mọ́kànlá, ó ń fi àtàǹpàkò fa ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin àgbà kan tó ní sùúrù, wò wọ́n tán, ó mí kanlẹ̀, ó wá ní: “He's your canary in the coal mine, isn't he?”

Ó wò mí. Ìyá ọmọ náà wò mí. Mo la ẹnu, ohun tó sì bọ́ jáde ni pé: “Wọ́n ní ọmọ yín ni ẹyẹ kánárì tó wà nínú ihò èédú.”

Ojú obìnrin náà yí padà. Ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀, ó fà á sókè, ó gbé e lé itan. “Àǹtí, ẹyẹ wo ni wọ́n pe ọmọ mi? Ṣé àjẹ́ ni wọ́n ní ó jẹ́ ni?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá á ti mọ irú ọ̀fìn tí mo jìn sí. Wọn kì í dédé pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹyẹ láàárín wa. Ẹlẹ́yẹ ni orúkọ tá a fi ń pe àwọn àgbà tá ò fẹ́ dárúkọ wọn gan-an. Kí wọ́n tún wá ní ẹyẹ ọ̀hún wà nínú ihò, kí ihò náà sì jẹ́ ti èédú! Ó kù díẹ̀ kí n fi kún un pé òru ni.

Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé, torí bí mo ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dá nǹkan sílẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn awakùsà máa ń gbé ẹyẹ kékeré kan wọ inú ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀, ẹyẹ ló máa kọ́kọ́ ṣubú, àwọn ọkùnrin náà á sì sá jáde. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ilé yẹn, ọmọ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ gbogbo wọn ló ń mí in símú.

Ọkàn ìyá ọmọ náà wá balẹ̀ díẹ̀. Ó bi mí bóyá ihò èédú bíi ti Enugu ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tó bá mi délé lọ́jọ́ yẹn: “Ẹyẹ náà ńkọ́?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀, ó ní ẹyẹ náà ń kú ni. Mo rántí òfin iṣẹ́ mi, má fi kún un, má yọ kúrò. “Wọ́n ní ó ń kú ni, mà.”

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, àyà ọmọ náà ń dún fíìn-fíìn bí iná tí wọ́n ń fẹ́, tí igi rẹ̀ sì tutù.

*

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àkànlò èdè yẹn. Lórí rédíò níbí, ọjọ́ kan kì í lọ kí ẹnì kan má fi kánárì sọ nǹkan. Ilé ìtajà kan kógbá sílé, kánárì ni. Owó ilé já wálẹ̀ ní àdúgbò kan, kánárì ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ń dín kù lódò, kánárì ni. Ìyẹn tiẹ̀ tọ́, torí pé awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ máa ń fa omi àti afẹ́fẹ́ wọlé, ohun tó bá ba omi jẹ́ kì í pẹ́ dé ara rẹ̀. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá fẹ́ tú ètò tuntun síta, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé e fún. Canary ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Bó bá dà rú mọ́ àwọn díẹ̀ yẹn lọ́wọ́, wọ́n á yára dá ti tẹ́lẹ̀ padà fún wọn, àwọn tó kù ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá àwọn díẹ̀ ọ̀hún mọ̀ pé ẹyẹ ni àwọn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀.

Nínú gbogbo èyí, mi ò bi ara mi rí pé kí ló gbẹ̀yìn ẹyẹ náà. Ó dìgbà tí wọ́n fi ọmọ kan wé e níṣojú ìyá rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìtàn náà ní orírun, ẹni tó sì wà nídìí rẹ̀ ni John Scott Haldane, ọmọ Edinburgh tí wọ́n bí ní 1860, tó gbájú mọ́ bí èèyàn ṣe ń mí. Ní January 1896, ihò èédú kan bú gbàmù ní Tylorstown, ní àfonífojì Rhondda nílẹ̀ Wales, ọkùnrin 57 sì kú. Haldane lọ síbẹ̀, ó yẹ òkú wọn wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ìbúgbàmù àti iná ló ń pa awakùsà. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe iná ló pa wọ́n. Ara wọn pọ́n, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi gbígbóná jáde. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ̀yìn iná ló pa wọ́n.

Àwọn awakùsà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú kì í ṣe oríṣi kan. Wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ bí ìgbà téèyàn ń sọ àwọn ọmọọ̀ta àdúgbò lórúkọ. Firedamp ni èyí tó ń gbaná. Blackdamp ni èyí tó ń pa àtùpà. Stinkdamp ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Afterdamp ni èyí tó ń wá lẹ́yìn ìbúgbàmù, inú rẹ̀ sì ni apààyàn gan-an wà: carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò rùn, kì í ta èèyàn lójú, kì í sì í mú èèyàn húkọ́.

Bó ṣe ń pààyàn rèé. Ẹ fojú inú wo ẹ̀jẹ̀ bí ọkọ̀ dánfó, tó ń gbé èrò ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Èrò wọlé, èrò bọ́ọ́lẹ̀ níbi tó ń lọ, ọkọ̀ padà wá gbé òmíràn. Carbon monoxide ni èrò tó jókòó tí kò bọ́ọ́lẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tó fi di àga mú le ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ọkọ̀ ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, gbogbo àga rẹ̀ sì kún, ọ́síjìn wà ní bọ́sítọ́ọ̀bù tó ń nawọ́. Ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí kò ní mọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, orúnkún á rọ, oorun á máa kùn ún, á ní kí òun sinmi díẹ̀.

Haldane fa afẹ́fẹ́ yìí símú fúnra rẹ̀ nínú ilé ìwádìí, ó ń kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. (Àwọn èèyàn yẹn láyà o.) Ó gbé eku kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó ń fa irú rẹ̀. Eku ló kọ́kọ́ ń rọ, nígbà tí òun ṣì lè di bírò mú. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹran kékeré, tí ọkàn rẹ̀ ń yára lù, tó sì ń mí lemọ́lemọ́, lè ṣáájú èèyàn gbọ́ ohun tí imú èèyàn kò gbọ́.

Ẹyẹ wá dára ju eku lọ. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú ẹyẹ kó sì gba ọ̀nà kan náà jáde bíi tiwa. Ó ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ nínú ara, tó fi jẹ́ pé ìgbà tó bá ń mí sínú àti ìgbà tó bá ń mí síta, ó ń gba afẹ́fẹ́ tuntun ní méjèèjì. Ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, ìlọ́po ni tirẹ̀. Ìdí kejì kò nílò ìwé rárá: eku lè ká jọ síbì kan kó o má mọ̀ bóyá ó ń sùn ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó jábọ́ lórí igi tó bà lé, àtùpà kékeré ti tó láti fi rí i.

Kánárì yẹ́lò bí ẹ̀gà, àmọ́ kì í pariwo bí ẹ̀gà; orin ló ń kọ. Erékùṣù Canary tó wà nínú òkun Atlantic, ní ìwọ̀ oòrùn Morocco, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ erékùṣù náà sì wá látinú ọ̀rọ̀ Látìn fún ajá. Ẹyẹ tó ń jẹ́ ajá! Ìyá ọmọ yẹn ì bá gbọ́ èyí ni, ẹjọ́ ì bá tún di méjì.

*

Ní Manchester, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan wà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ohun kan tí wọ́n ní níbẹ̀ ló mú mi jókòó kọ èyí.

Àpótí kékeré kan ni, irin fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò tóbi ju àpò tí ọmọ iléèwé máa gbé lọ. Gíláàsì wà lára rẹ̀ téèyàn lè gbà wo inú rẹ̀. Níwájú, ihò róbótó kan wà tí wọ́n fi asẹ́ irin dí, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé kí ẹyẹ má fò jáde, ilẹ̀kùn róbótó kan sì wà tó ń ṣí, tó ń pa dé. Igi pẹlẹbẹ kan dábùú inú rẹ̀ fún ẹyẹ láti bà lé. Ó lè dà bíi pé kò ju àgò ẹyẹ lásán lọ. Ṣùgbọ́n lórí àpótí náà, níbi tó yẹ kí ọwọ́ téèyàn fi ń gbé e wà, sìlíńdà kékeré kan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, páìpù tín-ínrín kan sì ti ibẹ̀ wọ inú àpótí.

Ọ́síjìn ló wà nínú sìlíńdà náà.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn róbótó sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ihò ń wọlé sọ́dọ̀ ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ṣubú, ẹni tó gbé e á ti ilẹ̀kùn yẹn pa, kí afẹ́fẹ́ burúkú má wọlé mọ́, á yí kọ́ọ̀kì sìlíńdà, ọ́síjìn á ṣàn wọ inú àpótí. Ẹyẹ á sọjí. Wọn á jọ jáde. Ilé iṣẹ́ Siebe Gorman ló ṣe é, àwọn kan náà tó ń ṣe ohun èlò fáwọn tó ń wẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Iṣẹ́ wọn ni kí èèyàn lè mí níbi tí kò yẹ kó ti lè mí, wọ́n sì jókòó ṣe é fún ẹyẹ.

Bí mo ṣe mọ èyí, mo fẹ́ sáré padà lọ bá ìyá ọmọ yẹn. Òfin ò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí i.

Àkànlò èdè náà ti gé ìtàn sí méjì, ó gbé ìdajì tó dùn ún lò. Bó ṣe ń dún létí, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo awakùsà ló ń gbé ẹyẹ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí ẹyẹ á kú, tí wọ́n á gbé òmíràn wá lọ́la. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ihò bá bú gbàmù tàbí tí iná bá jó níbẹ̀ ni iṣẹ́ ẹyẹ ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, nígbà táwọn adóòlà ẹ̀mí bá ń wọlé lọ wá àwọn tó há. Láti 1911 ni wọ́n ti ń lò wọ́n káàkiri àwọn ihò èédú ilẹ̀ Britain, ìparí 1986 ni ìjọba kéde pé ẹ̀rọ máa gbapò wọn. Ẹyẹ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn lé ní 200. Inú àwọn awakùsà kò dùn sí i. Wọ́n máa ń súfèé fún àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ń tọ́jú wọn bí ẹran ọ̀sìn inú ilé.

Ẹni tó ń súfèé fún ẹyẹ, tó gbé ọ́síjìn rẹ̀ dání, kò wá kí ẹyẹ kú fún òun. Àwa tí à ń fẹnu lásán pe èèyàn ní kánárì ni a ò gbé nǹkan kan dání.

Ẹ wo Flint, ìlú kan ní Michigan l'Amẹ́ríkà, tí àwọn adúláwọ̀ ti pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní April 2014, àwọn aláṣẹ yí omi ẹ̀rọ ìlú náà padà sí ti odò Flint, kí owó lè dín kù. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: omi ń rùn, àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ara ń yún wọn. Àwọn aláṣẹ ní omi dára. Ní October ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors tó wà nílùú náà ní omi yẹn ń jẹ irin ẹ́ńjìnnì àwọn, àwọn ò lò ó mọ́, wọ́n sì rí omi míì lò. October 2015 ni wọ́n tó yí ti àwọn èèyàn padà. Odindi ọdún kan! Ẹ́ńjìnnì ṣubú lórí igi rẹ̀, wọ́n ṣí ọ́síjìn fún un. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìwé ìròyìn wá ń kọ ọ́ pé Flint ni kánárì Amẹ́ríkà. Mo máa ń bínú bí mo bá ka ìyẹn.

Tàbí Rochdale, níbí, tí kò jìnnà sí ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní December 2020. Ní November 2022, lẹ́yìn ìwádìí nípa ohun tó pa á, wọ́n fi yé ayé pé ògiri tó bu nínú fúláàtì wọn ni. Bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ sùn láti 2017. Òfin kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà báyìí, tó ní kí àwọn onílé tó ń fi ilé ìjọba háyà má jẹ́ kí irú rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. October 2025 ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbà pé ìtàn yìí ló wà lọ́kàn nọ́ọ̀sì nígbà tó mí kanlẹ̀. Kò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ó ń bẹ̀rù.

*

Mo ti wá inú Yorùbá fún ohun tí ǹ bá fi gbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ wa kọ́ ni ọ̀rọ̀ ewu. “Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” Èyí dára, àmọ́ ajá ló jẹ̀bi níbẹ̀, wọ́n fun fèrè, kò gbọ́. Ta ló fun fèrè fún ọmọ ọdún mẹ́ta? “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Èyí ní ẹyẹ, ó ní ọmọ, ó ní ikú, síbẹ̀ òdì kejì pátápátá ni. Lọ́dọ̀ awakùsà, ìgbà tí ẹyẹ bá dákẹ́ ni ẹ̀rù ń bani. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tó bá ké ni, ẹyẹ náà gan-an la sì máa kọ́kọ́ mú.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni “Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni.” Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oko náà ní olóko. Ẹ tún Gẹ̀ẹ́sì yẹn wò: ẹyẹ wà níbẹ̀, ihò wà níbẹ̀, a ò gbọ́ orúkọ ẹni tó ni ihò. Bíi pé àfonífojì lásán ni, tí afẹ́fẹ́ burúkú kàn dédé gbé ibẹ̀. Ihò èédú ní olówó. Fúláàtì tí ògiri rẹ̀ bu ní ẹni tó ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ní Enugu tí ìyá ọmọ yẹn dárúkọ, awakùsà 21 ló kú ní àfonífojì Iva ní November 18, 1949, ìbọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ló sì pa wọ́n nígbà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Lóńgẹ́ gan-an nìyẹn. Kò sí ẹyẹ tó lè gbọ́ òórùn rẹ̀ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi Yorùbá yangàn jù, torí mo mọ ohun tí wíwá ẹni tó ṣe é kiri lè fojú ẹni rí.

Ní 2005, mò ń gbé ní Agbowó, n'Ìbàdàn, nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín. Lóru ọjọ́ kan òjò ń rọ̀, Nẹ́pà ti mú iná lọ, ẹnì kan nínú wa sì gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”, wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má pa á, kí olè má sì gbé e. Ó tì í sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Gbogbo wa lọ sùn. A tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó fa wáyà sí yàrá méjì kí fáànù lè ṣiṣẹ́.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ọmọ ìyàwó kan tó wà ní yàrá kejì sí mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Oṣù méje ni ọmọ náà. Nígbà tí mo fi máa jáde, orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń lu irin níbẹ̀, ọmọ sì ti rọ jọwọlọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò ké mọ́. Ìyẹn ló kó gbogbo wa láyà jẹ, pé kò ké mọ́. Ìyá rẹ̀ já síta nínú òjò pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sáré lọ wá ọkọ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, ọmọ ti ń ké. Òjò ń lù ú lójú, ó ń ké kíkankíkan.

Ilé ò tú ká lóru yẹn mọ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí nítorí ẹni tó ń wọlé tó ń jáde. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, ó kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan ní òun gbọ́ igbe òwìwí lórí òrùlé lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kò gùn. Opó àgbàlagbà kan wà ní yàrá ìgbẹ̀yìn, tó máa ń fún ọmọ yẹn ní bísíkíìtì. Kó tó pé oṣù kan, ó ti kó kúrò nílé náà. Mo wà níbẹ̀. Orí ń fọ́ mi títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ gbogbo wa, a sì sọ pé àìsùn ni. Mi ò dá sí ọ̀rọ̀ opó náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa ìdílé lódindi, kò sẹ́ni tó ń gbé Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò so ó mọ́ òru yẹn rí. Ó di ìgbà tí mò ń ka bí eku Haldane ṣe rọ ṣáájú rẹ̀ kí n tó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọmọ yẹn ń mí ní ìlọ́po méjì tiwa. Òun ló kọ́kọ́ ṣubú, òun ló jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn, inú òjò ló sì ti sọjí. Opó yẹn la wá lé jáde.

*

Àwọn ẹlòmíràn ti lo àkànlò èdè náà lójú mi láti ìgbà yẹn wá. Mi ò túmọ̀ ẹyẹ mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé, “Wọ́n ní ara ọmọ yín ló kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ilé fún yín.” Dókítà kan tó gbọ́ pé mi ò pe kánárì rárá wò mí bíi pé mo jí nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìparí ọdún tó kọjá, mo ra ẹ̀rọ kékeré kan dání fún màmá mi, irú èyí tó ń ké bí carbon monoxide bá wọlé. Mo kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn n'Ìbàdàn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí láàárọ̀ kùtù.

“Ìyá Tọ́lá, ohun tó o kàn mọ́ ògiri yẹn ti ń ké láti àná. Á ké pín, á dákẹ́, á tún ké pín. Mi ò sùn.”

“Bátìrì rẹ̀ ló ń tán lọ, Mọ́mì. Ó ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.”

“Ìgbà tí mi ò mọ ohun tó ń wí, mo yọ ọ́ kúrò. Mi ò lè máa gbọ́ igbe ẹyẹ nínú ilé mi lóru. Mo ti gbé e sẹ́yìnkùlé.”

“Apá ibo ní ẹ̀yìnkùlé?”

“Lórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, lábẹ́ fèrèsé mi.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, ṣe ló figbe bọnu, kò dákẹ́ mọ́.”

Mo bi wọ́n pé ṣé fèrèsé náà ń wà ní ṣíṣí lálẹ́. Wọ́n ní kí n má pa fóònù, àwọn ń lọ wò ó.